Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ro mí lórí katakata kékeré: ta ló ti tún pẹ́dà tirẹ̀ ṣe rí?

ÌyáOlóko_Texas · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, àmọ́ òní ni mo kọ́kọ́ ní ìbéèrè.

Éékà mẹ́fà ni ilẹ̀ wa, ní ìwọ̀ oòrùn Houston. Amọ̀ dúdú ni, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí àmàlà lásìkò òjò, tó sì máa ń sán wẹ́wẹ́ nígbà ooru. A gbin ilá, ewédú, ata àti àgbàdo díẹ̀ sí apá kan. Koríko ló gba ìyókù. Katakata kékeré kan la fi ń ṣiṣẹ́, 25 hp, ó ní lódà (korobá ńlá tí à ń fi kó nǹkan) níwájú àti ẹ̀rọ ìgékoríko lábẹ́ ikùn. HST ni, epo ló ń ti táyà, kò sí pé à ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì ká tó yí jíà. Pẹ́dà kan gbọọrọ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún: tí mo bá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a máa lọ síwájú; tí mo bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a máa lọ sẹ́yìn.

Ìyà tó ń jẹ mí rèé. Tí mo bá gé koríko fún wákàtí kan, ojúgun ọ̀tún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ọrùn ẹsẹ̀ á le. Tí mo bá wá ń fi lódà kó ìlẹ̀dú, tí mo ní láti máa lọ síwájú, kí n tún pa dà sẹ́yìn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ mi kò gùn, nọ́ńbà 37 ni bàtà mi. Mo ní láti ti gbogbo ẹsẹ̀ síwájú kí gìgísẹ̀ tó kan ibi tó yẹ kó tẹ̀, bó bá sì ti kàn án báyìí, katakata á fò sẹ́yìn lójijì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi ìdí ẹ̀rọ wó òpó ilé adìyẹ. Ọkọ mi ní kí n fi iṣẹ́ lódà sílẹ̀ fún òun. Ẹni ọdún 58 ni mí, mi ò tíì ṣe tán láti fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ta ló ti bá irú èyí pàdé? Ṣé pẹ́dà ni mo máa pààrọ̀ ni, àbí kí ni?

OkoẸ̀yìnkùlé_Georgia · Ọjọ́ Àìkú, 9:02 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. John Deere 1025R ni mo ń lò níbí. Pẹ́dà méjì ló ní lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Gìgísẹ̀ mi máa ń sinmi lórí ilẹ̀ ẹ̀rọ, iwájú ẹsẹ̀ nìkan ni mo ń yí láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Mo fi wákàtí mẹ́ta gé koríko lánàá, ẹsẹ̀ kò ro mí.

Òun náà ní tirẹ̀ ṣá o: tí mo bá wọ bàtà iṣẹ́ tó fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bàtà máa ń kan èkejì. Àmọ́ tí owó bá wà, ẹ lè ta tiyín kí ẹ fi ra onípẹ́dà méjì.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà · Ọjọ́ Ajé, 6:40 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, màmá. Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ọdún 19 ni mo ti ń tún katakata ṣe, ńlá àti kékeré, ẹni tó bá sì wá sọ fún mi pé pẹ́dà ń yọ òun lẹ́nu, àga ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ dá mi lóhùn kí n tó sọ nǹkan. Níbo ni àga yín wà lórí irin tó ń sún lé, ṣé iwájú ni àbí ẹ̀yìn pátápátá? Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lódà, báwo ni ẹ ṣe ń gbé ọwọ́ iná sókè tó? Jíà ńlá tàbí jíà kékeré lẹ máa ń fi sí? Irú bàtà wo lẹ ń wọ̀? Tí ẹ bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà lójijì, ṣé ó ń rọra pa dà sí fíríì ni, àbí ó ń ta padà bí okùn rọ́bà?

ÌyáOlóko_Texas · Ọjọ́ Ajé, 7:55 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì. Ọkọ mi ga, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó lé, òun ló sì ń lò ó jù mí lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni àga wà, mi ò sún un rí. Ọwọ́ iná, mo máa ń fi sí àárín nítorí ariwo. Jíà ńlá ni mo ń lò fún gbogbo nǹkan. Bàtà òjò onírọ́bà tó dé orúnkún ni mo ń wọ̀, torí ejò. Ní ti pẹ́dà, mo lọ dán an wò kí n tó kọ èyí: ó ń ta padà pàù.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 òwúrọ̀

Màmá, ìdáhùn yín ti sọ ohun tó pọ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jókòó kí ẹ ti ìdí kan ẹ̀yìn àga dáadáa. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pẹ́dà nígbà tó wà ní fíríì. Orúnkún gbọ́dọ̀ ká díẹ̀, itan gbọ́dọ̀ sinmi lórí àga. Ẹ wá tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí ẹ̀yìn yín bá kúrò lára àga kí bíréèkì tó dé ìsàlẹ̀, àga ti jìnnà jù, kò sì sí ọ̀rọ̀ pẹ́dà tí a máa sọ kí ẹ tó sún un. Ẹni tó bá ń nàgà, ìka ẹsẹ̀ ló máa fi ń tẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n. Ẹ wo abẹ́ àga náà. Ọ̀pọ̀ ló ní kọ́bù tí wọ́n fi ń ṣètò sípíríǹgì rẹ̀ sí ìwọ̀n ẹni tó jókòó. Tí ó bá wà ní ìwọ̀n ọkọ yín, àga á le jù fún yín, gbogbo gbágungbàgun ilẹ̀ amọ̀ yẹn ló máa dé ẹsẹ̀ yín. Ilẹ̀ á gbé yín, ẹsẹ̀ á fò, pẹ́dà á fò tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ á fà, ìfà yẹn á tún ta yín.

Èkejì, pẹ́dà HST kì í ṣe iná. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti wa mọ́tò fún ọdún púpọ̀ ti ń ṣì í. Póńpù kan wà nínú rẹ̀ tó ní àwo irin kan tó lè fì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Tí àwo náà bá dúró gbọnrangandan, kò sí epo tó ń lọ, fíríì nìyẹn. Bí ẹ ṣe ń tẹ pẹ́dà ni àwo ń fì, tí àwọn písítìn ń ti epo lọ sí mọ́tò tó ń yí táyà. Bó bá fì sí apá kejì, epo á gba ọ̀nà òdì, ẹ̀rọ á lọ sẹ́yìn. Bó bá ṣe fì tó ni epo ṣe ń pọ̀ tó: ìyára ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára ìtì ń dín kù. Nítorí náà tí lódà bá wọnú òkìtì ìlẹ̀dú, tí ẹ̀rọ sì fẹ́ dúró, ẹni tó bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ sí i ń pa á ni. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí i pé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Púpọ̀ nínú ìrora ojúgun àwọn tó ń lo lódà, ibi tí wọ́n ti ń fi gbogbo ara tẹ ohun tó yẹ kí wọ́n dẹ̀ ló ti wá.

Fún iṣẹ́ lódà, ẹ fi sí jíà kékeré, kí ẹ gbé ọwọ́ iná sókè dáadáa. Ẹ má bẹ̀rù ariwo, ẹ fi nǹkan dí etí. Tí ó bá wà ní jíà kékeré, ìwọ̀n ìtẹ̀ kan náà tó ń mú kó fò sẹ́yìn lónìí, á kàn rọra rìn ni. Fún ìgékoríko, ẹ gbé ọwọ́ iná dé ibi tí wọ́n sàmì 540 sí lórí dáṣíbọọ̀dù (iye ìgbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí ẹ̀rọ míì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan). Tí tiyín kò bá ní àmì náà, ìwé rẹ̀ á sọ fún yín.

Ẹ̀kẹta ni títa tó ń ta padà. Ọ̀pọ̀ HST ní ṣọ́ọ̀kì kékeré kan lára ọ̀pá tó so pẹ́dà mọ́ póńpù, ó dà bíi èyí tó ń gbé ìdérí búùtù ọkọ̀ dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí pẹ́dà máa rọra pa dà. Tí ó bá ti jo epo tàbí tí bóòtù rẹ̀ ti yọ, pẹ́dà á máa ta bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fa bíréèkì ìdúró, ẹ fi igi dí táyà, kí ẹ wá wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ di ọ̀pá náà mú, kí ẹ mì í. Tí àwọn ojú ibi tó ti so pọ̀ bá ń ṣe yẹgẹyẹgẹ, búṣì ti jẹ.

Pẹ́dà fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ẹ ṣe àwọn èyí ná.

Àgbẹ̀_Ṣakí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:11 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ màmá. Tèmi jẹ́ tokunbo láti Japan, 22 hp, jíà lásán, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára èdè wọn ni. Ẹsẹ̀ òsì ló ń yọ mí lẹ́nu. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le bí ẹni ń ti ògiri. Lásìkò tí mo bá ń túlẹ̀ ẹ̀gẹ́, tí mo ń yí po ní òpin ebè kọ̀ọ̀kan, mo lè tẹ̀ ẹ́ ju ọgọ́rùn-ún méjì ìgbà lọ kí oòrùn tó wọ̀. Orúnkún mi ti wú. Ẹni tó tún un ṣe níbí ní kí n ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:37 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Mú rúlà ọmọ iléèwé. Fi ọwọ́ ti pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì láti ibi tó dúró sí títí dé ibi tí wàá ti mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mílímítà mélòó ni? Lórí ọ̀pọ̀ katakata kékeré, 20 sí 30 mm ni píléè yẹn máa ń jẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń jẹ ni píléè ń dín kù. Tí kò bá sí rárá, bẹ́rìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì á máa yí ní gbogbo ìgbà, yóò gbóná, yóò jó, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀. Tí ó bá pọ̀ jù, wàá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ jíà á máa ké kí ó tó wọlé.

Lẹ́yìn náà, wá ọ̀pá tí pẹ́dà fi ń yí. Níípù gíríìsì, ẹnu kékeré tí à ń gba fún un ní gíríìsì, máa ń wà níbẹ̀, amọ̀ ló sábà máa ń bò ó. Mo ti rí katakata tó ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ẹnikẹ́ni kò fún níípù yẹn ní gíríìsì rí. Ìpẹtà ni ẹni tó ń wà á ń tì láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan sì tún wà: má gbé ẹsẹ̀ lé e nígbà tí o kò bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ òsì sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́. Ẹsẹ̀ kò sinmi, bẹ́rìn náà kò sinmi.

Ọmọ_Ifẹ̀_Ẹnjiníà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ìlànà àgbáyé kan wà fún ọ̀rọ̀ yìí, ISO 15077 ni wọ́n ń pè é. Òun ló sọ nípa agbára tó yẹ kí ènìyàn fi tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ oko, bó ṣe yẹ kó rìn tó, àti ibi tó yẹ kó wà. Ẹ̀gbọ́n Ṣakí, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gíríìsì ti ṣe nǹkan kan, ẹ yá òṣùwọ̀n ìkọ́ tí àwọn alápatà fi ń wọn ẹran. Ẹ fi okùn so ó mọ́ pẹ́dà, kí ẹ fà á gba apá tí ẹsẹ̀ ń tì í sí, ẹ kọ nọ́ńbà tó jáde sílẹ̀. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fi gíríìsì, ẹ tún ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ó le” àti “kò le” kò ní sí mọ́.

Físíò_Manchester · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 alẹ́

Ẹ kú ìkálẹ̀. Iṣan àti oríkèé ni iṣẹ́ mi, mi ò mọ katakata rárá, ṣùgbọ́n bàbá mi gun ti ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà èwe rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́ títí ó fi lọ. Nítorí náà ni mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin.

Màmá, ojúgun tó ń ro yín ní ìdí. Iṣan tó wà níwájú ojúgun ló ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Kò lágbára tó iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀. Lórí pẹ́dà tó ń fì bíi tiyín, gìgísẹ̀ kò rí ilẹ̀ sinmi lé, iṣan kékeré yìí ló ń di gbogbo ẹsẹ̀ mú kó má baà wúwo sí ibì kan. Wákàtí kan tó ń dì í mú láìsinmi le ju kó máa gbé e sókè-sódò lọ. Tí ẹ bá wá fẹ́ lọ sẹ́yìn, ẹ ń gbé ìka ẹsẹ̀ sókè kí gìgísẹ̀ lè tẹ̀, iṣan kan náà ló tún ń ṣe é.

Ẹ gbìyànjú èyí: nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, ẹ má fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí itan tẹ̀ wálẹ̀, kí ìwúwo gbogbo ẹsẹ̀ bọ́ sí gìgísẹ̀. Ẹ ṣe é lórí àga ilé ìdáná kí ẹ tó ṣe é lórí ẹ̀rọ, ẹ máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín wákàtí, kí ẹ rìn yí ẹ̀rọ ká, kí ẹ yí ọrùn ẹsẹ̀.

Tí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tó ń ro yín lóru nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, tàbí tó wú, ẹ lọ rí dókítà. Àbúrò tó ní orúnkún òun ti wú, ẹ̀yin náà lọ o, kí ẹ tó pa dà sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀dọ́Àgbẹ̀_Ọ̀wọ̀ · Ọjọ́rú, 7:48 òwúrọ̀

Mo rí ẹnì kan lórí fídíò tó gé igi kékeré kan, tó fi há pẹ́dà HST rẹ̀ mọ́ ibì kan nígbà tó ń gé koríko. Ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá. Ṣé màmá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà · Ọjọ́rú, 8:03 òwúrọ̀

Rárá o! Jọ̀ọ́, má ṣe é, má sì sọ fún ẹlòmíì pé kó ṣe é. Nígbà tí ọmọ bá sáré jáde níwájú ẹ̀rọ, ohun tí ara ẹni máa ń ṣe ni pé á gbé ẹsẹ̀ kúrò. Lórí HST, gbígbé ẹsẹ̀ kúrò ló ń mú un dúró. Ẹni tó fi igi há a ti gba ìdúró yẹn kúrò lára ẹ̀rọ. Tó bá já bọ́ ńkọ́?

Ohun tí wọ́n ṣe fún un láti ilé-iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ katakata kékeré ní ọwọ́ kan tó ń di pẹ́dà ìlọsíwájú mú sí ìyára kan, tí ẹ bá sì tẹ bíréèkì, ó máa ń tú u sílẹ̀. Tí tiyín bá ní i, màmá, ẹ lò ó níbi tó tẹ́jú nìkan, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lórí pápá gbayawu pé bíréèkì ń tú u lóòótọ́.

Ọ̀dọ́Àgbẹ̀_Ọ̀wọ̀ · Ọjọ́rú, 8:20 òwúrọ̀

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé.

Wẹ́dà_Ìlọrin · Ọjọ́rú, 12:50 ọ̀sán

Màmá, ẹsẹ̀ yín kúrú fún pẹ́dà náà. Èyí kò ṣòro. Kí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn pẹ́dà, kó gùn sẹ́yìn dé ibi tí gìgísẹ̀ yín wà. Mo ti ṣe é fún ọkùnrin kan tó gé ìka ẹsẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ó ń fi ṣiṣẹ́ títí dòní.

Àmọ́ mo bẹ̀ yín, kí wọ́n má jó o lórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n tú pẹ́dà kúrò, kí wọ́n gbé e lọ sí orí tábìlì. Iná wẹ́dà tó bá gba ara ẹ̀rọ kọjá lè ba ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná àti wáyà jẹ́, tánkì epo kò sì jìnnà síbẹ̀.

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà · Ọjọ́rú, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà pẹ̀lú wẹ́dà. Bóòtù ni mo fẹ́ ju jíjó lọ, torí ẹ lè tú u tí kò bá bá yín mu, ọkọ yín náà sì lè fẹ́ tirẹ̀ padà. Ẹ fi páálí gé àwòrán rẹ̀ ná, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́dà, ẹ jókòó lé àga láìtan ẹ̀rọ. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò. Tí gìgísẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, irin tuntun kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ẹ̀rọ kí pẹ́dà tó dé òpin tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ bíréèkì. Kò sì gbọdọ̀ sí etí kankan tí bàtà lè há sí. Bó bá ṣe gùn sẹ́yìn tó ni yóò ṣe fúyẹ́ tó lábẹ́ gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rìn jìnnà sí i, nítorí náà ẹ má fi gígùn ṣe ẹ̀ṣọ́.

Bàtà òjò yẹn ńkọ́? Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ẹsẹ̀ kò mọ ohun tó ń tẹ̀. Ẹ wá búùtù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tinrin díẹ̀, tó ga dé ojúgun nítorí ejò.

Bàbá_Ìmẹ̀kọ · Ọjọ́bọ̀, 5:30 òwúrọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Kílọ́ọ̀ṣì àti HST lẹ ń sọ, ẹ má gbàgbé bíréèkì méjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àwọn onijíà. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ kí á lè fi ọ̀kan yí ẹ̀rọ po ní òpin oko. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ sí títì, ẹ ti irin tó so méjèèjì pọ̀. Mo gbàgbé rẹ̀ nígbà kan lórí gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìlara, mo tẹ ọ̀kan, katakata yí sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni fẹ́ dojú dé. Ọlọ́run ló yọ mí. Láti ọjọ́ náà, kí n tó gun ẹ̀rọ ni mo ti ń fi ọwọ́ kan irin yẹn. Kí ẹ sì wò ó pé píléè méjèèjì dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ tilẹ̀ so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á mú ṣáájú èkejì.

Rọ́bà orí pẹ́dà tèmi ti yọ́ tipẹ́. Táyà ọ̀kadà àtijọ́ ni mo gé, mo fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn án, ojú tó ní ìlà ló wà lókè. Òjò kò lè yọ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́.

Àgbẹ̀_Ṣakí · Ọjọ́bọ̀, 9:26 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, mo wá dúpẹ́. Píléè tí mo bá nílẹ̀ jẹ́ mílímítà 6 péré. Mo ra òṣùwọ̀n ìkọ́ bí ọmọ Ifẹ̀ ṣe wí: kílò 27 ló gbé kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí mo họ amọ̀ kúrò, níípù náà wà lóòótọ́, kò gba gíríìsì rárá. Mo fi epo dísẹ́ẹ̀lì àti sípánà yọ ọ̀pá náà, ó ti pẹtà bí ọ̀kọ́ àtijọ́. Mo fi yanrìn bébà fọ̀ ọ́, mo fi gíríìsì, mo dá a padà, mo sì ṣètò píléè sí mílímítà 25. Kílò 17 ló ń gbé báyìí. Kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn náà ni o!

Màá lọ rí dókítà fún orúnkún lọ́jọ́ Ajé, Físíò, mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi.

OkoẸ̀yìnkùlé_Georgia · Ọjọ́bọ̀, 10:10 alẹ́

Kílò mẹ́wàá! Èmi náà á lọ wo níípù tèmi lọ́la.

ÌyáOlóko_Texas · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo yín. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ láìfi nǹkan pamọ́.

Àga ni mo kọ́kọ́ sún, ihò mẹ́rin síwájú. Mo yí kọ́bù abẹ́ rẹ̀ wá sí ìwọ̀n tèmi. Lọ́jọ́ kìíní náà, mo gé koríko fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogún, ojúgun kò ta mí àfi nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí. Inú mi dùn, àmọ́ lódà kò yí padà, ó ṣì ń fò sẹ́yìn.

Lọ́jọ́rú ni ọkọ mi wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kékeré tí ẹ̀gbọ́n sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, nọ́ọ̀tì apá kan ti yọ kúrò, ó kàn ń rọ̀ síbẹ̀ ni. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! A rà á, a dè é. Pẹ́dà kò ta padà mọ́, ó ń rọra pa dà.

Lánàá mo fi sí jíà kékeré, mo gbé ọwọ́ iná sókè, mo fi nǹkan dí etí, mo lọ bá òkìtì ìlẹ̀dú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí lódà wọlé tó fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ mi fẹ́ tẹ̀ sí i bó ṣe mọ̀ ọ́n. Mo rántí, mo dẹ̀ ẹ́, ó sì tì í wọlé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iyán. Mo pe ọkọ mi pé kó wá wò ó. Ó wo mí kó korobá mọ́kànlá, kò sọ̀rọ̀ fífi lódà sílẹ̀ mọ́.

Mo ṣì ń ṣe irin ẹ̀yìn pẹ́dà. A fi páálí ṣe é, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sẹ́yìn ló bá mi mu. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ gé kan ilẹ̀ kó tó dé òpin, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Alumíníọ̀mù tó nípọn mílímítà márùn-ún la máa fi ṣe é, bóòtù méjì, orí wọn á rì sínú rẹ̀ kí bàtà má baà há. Nígbà tí mo ń wọn ibẹ̀ ni mo rí i pé kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí mo fúnra mi tẹ́ sórí ilẹ̀ ẹ̀rọ ti ká sókè sábẹ́ apá gìgísẹ̀, kò jẹ́ kí pẹ́dà rìn dáadáa. Mo ti yọ ọ́ jù nù.

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ìbéèrè kan ló kù. Tí mo bá dá a dúró ní fíríì lórí ibi tó tẹ́jú, ó ń rọra rìn síwájú, bí ìka mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣé nítorí pé a tú nǹkan ni?

Mẹkáníìkì_Mọ́níyà · Ọjọ́ Àìkú, 2:18 ọ̀sán

Ẹ kú oríire, màmá. Rírìn yẹn túmọ̀ sí pé àwo inú póńpù kò pa dà sí gbọnrangandan, fíríì rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbà tí nọ́ọ̀tì yọ ló ti yẹ̀. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀ lára ọ̀pá náà, ṣùgbọ́n táyà gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ lórí ìdúró irin tó lágbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọkọ yín ṣe é pẹ̀lú jáàkì nìkan. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní ìwé rẹ̀ àti irin ìdúró. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ láìfa bíréèkì ìdúró, kódà tí ẹ bá fẹ́ ṣí géètì lásán.

Tí irin gìgísẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa láti ẹ̀gbẹ́, kí n rí bó ṣe jìnnà sí bíréèkì tó.